Àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ń yún mi lóru, oyún ọ̀sẹ̀ 31, kò sí sísú kankan

Àìsùn31 · Ọjọ́ Ajé, 3:10 òru

Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Oyún mi ti pé ọ̀sẹ̀ 31, oyún àkọ́kọ́ ni. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́sàn-án báyìí tí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ti ń yún mi. Kì í ṣe yíyún tí èèyàn á họ lẹ́ẹ̀kan tí á sì lọ o. Ńṣe ló dà bíi pé abẹ́ awọ ló wà, tí èékánná ò lè dé ibẹ̀. Lọ́sàn-án ó máa ń rọlẹ̀, mo tilẹ̀ máa ń gbàgbé. Àmọ́ kí ilẹ̀ ṣáà ti ṣú, kí n ti fẹ̀yìn lélẹ̀, ó dé nìyẹn.

Lóru àná, òòyà ni mo fi họ ẹsẹ̀. Òòyà irun mi! Ọkọ mi jí, kò bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì, ilé ìwẹ̀ ló ti wá bá mi. Mo jókòó sórí àpótí, mo ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ bókẹ́ẹ̀tì omi tútù, mo sì ń tòògbé.

Mo ti yẹ ara mi wò títí. Kò sí sísú, kò sí kókó, àfi ojú ibi tí mo ti họ ọ́ bó. Ìpara ìkókó tí mo rà sílẹ̀ de ọmọ ni mo ń fi pa á, kò ràn án. Ìpara wo ni kí n rà?

Ìyá_Mẹ́rin · Ajé, 6:25 àárọ̀

Kú ìrọ́jú, àbúrò mi. Fọkàn balẹ̀, bí oyún ṣe ń ṣe nìyẹn. Awọ tó ń fà ló ń yún. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo lóyún, kò sí ìkankan tí ikùn ò yún mi nínú ẹ̀. Ìpara tó lọ́ràá tí kò ní lọ́fínńdà ni kó o wá, kó o fi pa ara ní kété tó o bá wẹ̀ tán, kí omi tó gbẹ. Má fi omi gbígbóná wẹ̀ o. Ó máa ń dùn mọ́ ara nígbà tó o bá ń dà á, àmọ́ tó bá fi máa tó wákàtí kan, èyí tó máa wá yún ẹ, wàá bá ara ẹ wí. Gé èékánná ẹ mọ́lẹ̀. Ọjọ́ tó o bá gbọ́ igbe ọmọ, gbogbo ẹ̀ á di ìtàn. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.

Aṣọ_Òwú · Ajé, 6:58 àárọ̀

Àmín o. Tèmi náà bẹ̀rẹ̀ bí eré, ṣùgbọ́n tèmi sú jáde kedere. Ọ̀sẹ̀ 36 ni. Inú àwọn ìlà tí ikùn mi fà ló ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ìlà pupa wọ̀nyẹn tó wà nísàlẹ̀ ikùn. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ̀fọn ló jẹ mí. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, wọ́n ti so mọ́ra wọn, wọ́n le, wọ́n pọ́n, wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ sí itan. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé wọn ò dé ìdodo mi rárá. Ṣe ni wọ́n yí i ká. Ojú ibẹ̀ mọ́ tónítóní, àfi bí ẹni fi ife bò ó kí wọ́n tó fọ́n wọn sí mi níkùn.

Dókítà wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní sísú oyún kan tó ń jẹ́ PEP ni, pé àwọn míì ń pè é ní PUPPP. Oyún àkọ́kọ́ àti oyún ìbejì ló sábà máa ń bá jà, kì í ṣe ọmọ ní nǹkan kan. Ìpara hydrocortisone tí kò lágbára púpọ̀ ló kọ fún mi, ó sì ní kí n máa wọ aṣọ òwú tó tú sílẹ̀. (Ibẹ̀ ni mo ti rí orúkọ tí mò ń jẹ́ níbí.) Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí mo bímọ ló lọ tán.

Ṣé ó dá ẹ lójú pé kò sí nǹkan níkùn ẹ, Àìsùn31?

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́ · Ajé, 7:40 àárọ̀

Àìsùn31, ẹ dákun, ẹ má tíì ra ìpara kankan. Agbẹ̀bí ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé ni, mo sì fẹ́ sùn, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn.

Màmá Mẹ́rin ò parọ́. Nínú aboyún 100, bíi 23 ni ara máa ń yún, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì ní nǹkan kan tó ń ṣe wọ́n. Àmọ́ ikùn, ọmú, ìdí àti itan ni awọ ti ń fà. Kí ló ń fa awọ àtẹ́lẹsẹ̀?

Ẹ dá mi lóhùn. Ṣé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, àbí ibòmíì ló ti lọ síbẹ̀? Ìtọ̀ yín láàárọ̀ yìí ńkọ́, báwo ni àwọ̀ ẹ̀ ṣe rí? Ìgbẹ́ yín ńkọ́, ṣé àwọ̀ ẹ̀ ti ṣá? Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan bá yín wo ẹyinjú lójú fèrèsé, kì í ṣe lábẹ́ iná. Ṣé ọmọ kan ni àbí ìbejì? Ṣé ìyá yín tàbí ẹ̀gbọ́n yín ti ní irú yíyún bẹ́ẹ̀ rí? Kí n tó gbàgbé: ọmọ ńkọ́, ṣé ó ń ta bó ṣe máa ń ta?

Àìsùn31 · Ajé, 8:16 àárọ̀

Ẹ ṣé gan-an mà. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ náà ló ti bẹ̀rẹ̀, àná ló tó gun apá. Ọmọ kan ni, ó ń ta dáadáa, kódà ó ń ta mí báyìí. Ọkọ mi wo ojú mi, ó ní funfun ni. Ti ìgbẹ́, n ò wò ó. Ìtọ̀ mi dúdú bíi tíì tí wọn ò bu mílíìkì sí, mo sì ti rò pé n kì í mumi tó ni.

Mo pe màmá mi nígbà tí mo ka ìbéèrè yín. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ: "Èyí tí mo fi bí àbúrò ẹ yẹn? Kànìnkànìn ni mo fi ń họ àtẹ́lẹsẹ̀, oṣù méjì gbáko." Wọn ò sọ fún mi rí!

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́ · Ajé, 8:31 àárọ̀

Wọ́n á sọ ọ́ bí? Ta ló bi wọ́n?

Ó dáa. Òní ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n fún yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù, kẹ́ ẹ má bàa rò pé mo kàn ń pariwo.

Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe omi òróòro, tó ń dà á sínú ìfun kó lè bá wa lọ ọ̀rá tó wà nínú oúnjẹ. Nínú oyún àwọn kan, pàápàá láti ọ̀sẹ̀ 28 lọ, agbára họ́mọ̀nù oyún máa ń mú kí omi yìí falẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀. Tí kò bá rí ọ̀nà lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í wọnú ẹ̀jẹ̀. Ohun tó ń yúnni lóru nìyẹn, ìdí nìyẹn tí kò fi sí sísú, ìdí sì nìyẹn tí ìpara ò fi ràn án. Inú ni yíyún náà ti ń wá. Cholestasis ni wọ́n ń pè é, ICP ni wọ́n máa ń kọ sínú fáìlì. Ó máa ń rìn nínú ẹbí, ó sì máa ń mú olóyún ìbejì ju olóyún ọmọ kan lọ.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má kàn sọ pé "ara ń yún mi", torí ohun tí gbogbo aboyún ń sọ nìyẹn, wọ́n lè fún yín ní ìpara kí wọ́n ní kẹ́ ẹ máa lọ. Báyìí ni kẹ́ ẹ wí: àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń yún mi, òru ló ń le jù, kò sí sísú, ìtọ̀ mi dúdú, ìyá mi ní irú ẹ̀ rí, ẹ bá mi yẹ iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ wò, kẹ́ ẹ sì yẹ bile acids (ásíìdì inú omi òróòro) wò. Ẹ̀jẹ̀ lásán ni wọ́n á fà. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá gbààwẹ̀, ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó lọ.

Ìyá_Mẹ́rin · Ajé, 9:05 àárọ̀

Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ rọra. Oyún àkọ́kọ́ ni ọmọ yìí wà, ẹ fẹ́ já ìfun ẹ̀ ni? Láyé tiwa, ta ló ń yẹ òróòro wò? A yún, a họ, a bí.

Ẹ̀dọ̀_Mi · Ajé, 9:48 àárọ̀

Ẹ má bínú mà, mo ní láti dá sí i. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ọmọ tí mo fi ní ICP báyìí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ fún dókítà kan ní ọ̀sẹ̀ 32, kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ó wọ́pọ̀," ó ní, ó kọ oògùn tí kò ní jẹ́ kí ara yún mi, ó pe ẹlòmíì wọlé. Mo lò ó, mo sùn, mo jí, mo ń họ.

Mo padà lọ lọ́sẹ̀ kejì, ẹlòmíì ló jókòó síbẹ̀, ó fa ẹ̀jẹ̀. Èsì jáde: kò sí nǹkan kan. Ẹ wo bí ojú ṣe tì mí! Mo rò pé mo ti ń ya wèrè. Obìnrin tó mú èsì náà fún mi ló sọ̀rọ̀ kan tí n ò lè gbàgbé. Ó ní yíyún lè ṣáájú kí ẹ̀jẹ̀ tó fi nǹkan kan hàn, pé tó bá ṣì ń yún mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí n padà wá. Mo padà. 61 ni bile acids mi.

Torí náà, Àìsùn31, tí èsì bá jáde pé kò sí nǹkan, tí yíyún ò sì lọ, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú "o ti wá tẹ́lẹ̀" wò ẹ́. Padà lọ.

Bàbá_Ọmọ_Tuntun · Ajé, 12:20 ọ̀sán

Ẹ kú àpérò o. Ẹ jẹ́ kí n yọjú pẹ̀lú tèmi. Oyún ìyàwó mi jẹ́ ọ̀sẹ̀ 24. Tiẹ̀ ń sú ní tirẹ̀, kókó wẹ́wẹ́, lọ́wọ́ àti níbàdí, lóru ló ń yún un. Ó ní asthma nígbà tó wà lọ́mọdé. Mo ti ka ohun tẹ́ ẹ kọ, ẹ̀rù ti ń bà mí. Èmi fúnra mi ti ń họ ara láti ọjọ́ bíi mélòó kan, mo rò pé àníyàn ni.

Ẹlẹ́kísímà · Ajé, 12:44 ọ̀sán

Tó bá ní asthma tàbí èkísímà ní kékeré, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú tèmi. Òun ló wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo sísú oyún, ó sì máa ń tètè dé, kí oyún tó wọ oṣù mẹ́ta ìgbẹ̀yìn. Kọ́rọ́ ìgúnpá, ẹ̀yìn orúnkún, ọrùn. Awọ máa ń gbẹ kanrangandan. Èmi rí i pé ìpara tó nípọn, tó wà nínú ike onídèérí, tí mò ń fi pa ara lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ láì ṣírò ẹ̀, ló gbà mí ju oògùn lọ. Mo sì pa ọṣẹ olóòórùn tì. Kì í pa ọmọ lára.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́ · Ajé, 5:15 ìrọ̀lẹ́

Mo ti jí. Bàbá, ẹ dúró ná. Ẹ̀yin náà ń họ ara? Ẹ tan iná, ẹ la ìka ọwọ́ yín, ẹ wo àárín ìka àti ọrùn ọwọ́.

Bàbá_Ọmọ_Tuntun · Ajé, 5:32 ìrọ̀lẹ́

Kókó kéékèèké wà níbẹ̀. Ìlà tín-ín-rín kan náà wà níbẹ̀ bí ẹni fi pẹ́ńsù fà á.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́ · Ajé, 5:36 ìrọ̀lẹ́

Kúrúnà! Oyún ò ràn yín, ẹ̀yin bàbá. Ẹ jẹ́ kí dókítà fojú rí i kó fi dá yín lójú, àmọ́ bó bá jẹ́ òun, ìpara permethrin 5% ni wọ́n á fún yín, aboyún sì lè lò ó. Gbogbo ẹni tó wà nínú ilé ló máa fi pa ara lọ́jọ́ kan náà, ì báà yún un, kì í báà yún un, ẹ ó tún un pa lẹ́yìn ọjọ́ méje. Ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ ibùsùn. Tí ẹnì kan ṣoṣo bá pa á, ẹ óò kàn máa fi ran ara yín padà ni.

Ìyá_Mẹ́rin · Ajé, 6:02 ìrọ̀lẹ́

Àníyàn, ó ní. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ ń dùn mí.

Àìsùn31 · Ọjọ́rú, 4:50 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìdúró. Mo lọ lọ́jọ́ Ajé yẹn, mo kà á sí wọn létí bí Nọ́ọ̀sì ṣe kọ ọ́, mo tiẹ̀ kọ ọ́ sórí fóònù. Kò sẹ́ni tó jiyàn. Èsì ẹ̀dọ̀ jáde lọ́jọ́ kejì, èyí tí wọ́n ń pè ní ALT, tó máa ń ga nínú ẹ̀jẹ̀ tí nǹkan bá ń ṣe ẹ̀dọ̀, ti ga. Òní ni bile acids jáde: 27.

Wọ́n ní ICP ni, pé ó ṣì wẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n á tún máa yẹ ẹ́ wò. Wọ́n fún mi ní ìpara onímenthol àti oògùn chlorphenamine fún alẹ́, wọ́n ní á mú oorun wá, kí n má wakọ̀ lẹ́yìn tí mo bá lò ó. Mo sunkún nínú ọkọ̀, n ò ní parọ́. Kí ni 27 yẹn túmọ̀ sí gan-an? Ṣé ọmọ mi wà nínú ewu? Ẹnì kan níbẹ̀ tún dárúkọ oògùn kan tó ń jẹ́ ursodeoxycholic acid, àmọ́ dókítà ní kò pọn dandan.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́ · Ọjọ́rú, 7:20 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìgboyà. Ẹ nu ojú nù, ẹ jẹ́ ká ka nọ́ńbà yẹn pọ̀.

Ìlànà tí Royal College of Obstetricians and Gynaecologists, ẹgbẹ́ àwọn dókítà aboyún ní UK, tẹ̀ jáde ní 2022 ni mo máa lò, torí òun ló yé mi jù; níbòmíì wọ́n lè fi ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì yàtọ̀. Láti 19 dé 39 ni wọ́n ń pè ní èyí tó wẹ́ẹ́rẹ́. Láti 40 dé 99, ó ti wọ àárín. 100 sókè ló le. Ìbẹ̀rù tó wà nídìí ICP ni kí ọmọ kú sínú, ẹ jẹ́ ká pè é bó ṣe ń jẹ́. Ìwádìí ńlá kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní 2019 kó àwọn aboyún tó ní ICP jọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Àwọn tí tiwọn kò tó 40, iye ọmọ tó kú kò tó 2 nínú 1,000. Àwọn tó ti lé ní 100 ni tiwọn sún mọ́ 34 nínú 1,000. Ẹ rí i pé ibi tí 27 wà kò jọ ibi tí 100 wà rárá. Ìdí tí wọ́n fi ń tún ẹ̀jẹ̀ fà nìyẹn, kì í ṣe láti fìyà jẹ yín. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bó bá ń gòkè.

Ti ursodeoxycholic acid: ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi ń fún gbogbo ẹni tó ní ICP. Ní 2019 kan náà, ìwádìí PITCHES fi wé oògùn tí kò ní nǹkan nínú láàárín àwọn obìnrin 605, kò sì fi hàn pé ó gba ọmọ lọ́wọ́ ewu. Yíyún náà, díẹ̀ ló fi dín in. Dókítà yín ò ṣìṣe. Àwọn dókítà míì ṣì ń kọ ọ́ fún ẹni tí yíyún ò jẹ́ kó sinmi, àwọn náà ò ṣe láìdáa.

Èyí tó wà lọ́wọ́ yín ni títa tí ọmọ ń ta. Ẹ mọ bó ṣe máa ń ta, àsìkò tó máa ń ta. Ọjọ́ tó bá dín kù tàbí tó yí padà, ẹ má pe mí, ẹ má kọ ọ́ síbí, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ lóru tàbí lọ́sàn-án. Ẹ máa wo ìgbẹ́ yín náà. Tó bá funfun bí ẹfun, ẹ sọ fún wọn, torí ara lè má rí fítámì K fà mọ́ra, òun ló sì ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.

Ẹ̀dọ̀_Mi · Ọjọ́rú, 8:04 alẹ́

Ọgbọ́n òru tí mo fi là á já: ìpara onímenthol yẹn, inú fíríìjì ni kó o máa tọ́jú ẹ̀ sí. Fi pa àtẹ́lẹsẹ̀, wọ ìbọ̀sẹ̀ òwú tó tinrín lé e, na ẹsẹ̀ síta kúrò lábẹ́ aṣọ ìbora. Mo tún ní ìgò omi méjì tí mo gbé sínú fíríìsà, mo máa ń fi aṣọ wé e, mo máa ń yí àtẹ́lẹsẹ̀ lé e lórí nígbà tí mo bá ń wo fíìmù. Tó bá jẹ́ ọwọ́ ni, mo máa ń di ìgò náà mú. Kò wò ó sàn o. Ó kàn máa ń fún mi ní bíi ogójì ìṣẹ́jú, mo sì máa ń sáré sùn sínú ogójì ìṣẹ́jú yẹn.

Gbé òòyà yẹn jìnnà. Ibi tí mo họ bó lára tèmi gbẹ̀yìn ó kó ìdọ̀tí, wọ́n fi antibiotics lé e.

Yíká_Ìdodo · Ọjọ́bọ̀, 10:11 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, mo rí i tí Aṣọ_Òwú sọ pé tòun ò dé ìdodo. Ìdodo gan-an ni tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 27 ni mo wà. Ó pọ́n yí ìdodo ká, ó yún mi kíkan, àmọ́ láti àná ó ti ń lé ròrò, omi wà nínú ẹ̀, awọ rẹ̀ le, kì í tètè bẹ́. Ó ti dé apá. Àbúrò mi ní kí n lo ìpara kan tó ń lò fún ojú.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́ · Ọjọ́bọ̀, 10:30 àárọ̀

Ẹ má fi ìpara àbúrò yín kan ara. Ìpara ojú míì ní retinoid (oògùn tó jẹ́ ẹbí fítámì A) nínú, aboyún ò gbọ́dọ̀ lò ó. Àwọn ìpara abóra náà ńkọ́, èyí tó ní mákúrì àti èyí tí wọ́n po steroid tó lágbára mọ́: mo ti rí ẹni tó fi í pa sísú oyún.

Ti yín, mi ò fojú rí i, àmọ́ èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ìdodo tó wá ń lé ròrò, dókítà awọ ló ni ín. Àìsàn kan wà tó ń jẹ́ pemphigoid gestationis tó máa ń ṣe báyìí. Kò wọ́pọ̀ rárá, wọ́n ní bíi ẹnì kan nínú oyún 50,000. Ọmọ ogun ara ẹni ló ń bá awọ ẹni jà. Wọ́n á gé awọ kékeré kan láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní ìtọ́jú: steroid tí wọ́n ń fi pa á, tàbí oníhóró tó bá pọ̀. Wọ́n á fẹ́ máa ṣọ́ bí ọmọ ṣe ń dàgbà, torí ọmọ lè tètè wá tàbí kó kéré. Tí ẹ bá ní ibà pẹ̀lú ròrò yìí tàbí tẹ́ ẹ bá ti wà nítòsí ẹni tó ní chickenpox, ẹ fóònù wọn kẹ́ ẹ tó lọ jókòó sáàárín àwọn aboyún míì.

Yíká_Ìdodo · Ọjọ́ Ẹtì, 6:40 ìrọ̀lẹ́

Wọ́n ti gé awọ náà. Kò dùn mí tó bí mo ṣe rò. Àwọn náà dá orúkọ gígùn yẹn kí èsì tó dé. Ẹ ṣé, mà.

Bàbá_Ọmọ_Tuntun · Ọjọ́ Ẹtì, 9:15 alẹ́

Kúrúnà ni o. A ti pa á, gbogbo ilé, títí kan ìyá ìyàwó mi tó ń bínú pé òun ò ní kúrúnà.

Àìsùn31 · ọ̀sẹ̀ kẹrin lẹ́yìn náà, 1:55 òru

Ọ̀sẹ̀ 35. Ó ti gòkè: 52. Wọ́n ní a ò ní dúró de ọjọ́ ìkúnlẹ̀ mọ́, wọ́n á fún mi ní oògùn tí á mú ọmọ wá bí oyún bá pé ọ̀sẹ̀ 38. Ká ní ó tó 100 ni, wọn ì bá sọ ọ̀sẹ̀ 35 tàbí 36. Mo ti mọ ìṣirò yẹn sórí báyìí bí ẹni mọ ABD.

Ìgò fíríìsà ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀dọ̀_Mi, Ọlọ́run á san án fún ẹ. Ohun tó ń rẹ̀ mí jù báyìí ni àwọn tó ń sọ pé "ṣé yíyún lásán?" Mo ti dákẹ́, n kì í ṣàlàyé mọ́.

Ìyá_Mẹ́rin · ọjọ́ kan náà, 5:50 àárọ̀

Àbúrò mi, èmi náà wà lára wọn níbẹ̀rẹ̀, má bínú. Mo ti sọ fún ọmọ mi obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún pé tí àtẹ́lẹsẹ̀ bá ń yún un lóru, kó má ṣe bi mí, kó lọ fa ẹ̀jẹ̀.

Àìsùn31 · ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mìíràn lẹ́yìn náà, 4:20 òru

A gbóhùn ìyá, a gbóhùn ọmọ! Obìnrin ni, ọ̀sẹ̀ 38 àti ọjọ́ kan. Ó pẹ́ kí oògùn tó ṣiṣẹ́, ìtàn ìyẹn dọjọ́ míì. Ọjọ́ kejì lẹ́yìn ìbímọ ni mo ṣàkíyèsí pé n ò họ nǹkan kan láti àárọ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún, ó ti lọ pátápátá.

Wọ́n ní kí n wá yẹ ẹ̀dọ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i tó bá tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí wọ́n lè rí i pé ó ti padà sípò. Wọ́n tún ní kí n sọ fún ẹni tó bá fẹ́ fún mi ní oògùn ìfètòsọ́mọbíbí pé mo ní ICP, torí èyí tó ní estrogen lè mú yíyún náà padà wá. Oyún mìíràn náà lè gbé e dé.

Ẹ̀dọ̀_Mi · ọjọ́ kan náà, 6:30 àárọ̀

Ẹ kú ewu ọmọ! Tèmi padà wá nínú oyún kejì, ọ̀sẹ̀ 29. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ọjọ́ kẹta tó bẹ̀rẹ̀ ni mo ti gba èsì.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́ · ọjọ́ kan náà, 8:02 àárọ̀

Ẹ kú oríire o, ẹ kú ewu. Ìyá yín ńkọ́? Ẹ bá mi kí wọn. Kí ló dé tẹ́ ẹ ṣì wà lójúfò ní aago mẹ́rin òru?

Àìsùn31 · ọjọ́ kan náà, 8:47 àárọ̀

Ọmú ni mà. Màmá mi ló gbé ọmọ báyìí, wọ́n sì ti rí òòyà yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fẹ́ fi ya irun ọmọ. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n gbé e jù sílẹ̀.